Dígí Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Ẹ̀yìn pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì náà kò jọ ara ilé yòókù. Ara ilé yòókù gùn gbọọrọ, ó ní igun, ó ní fèrèsé. Ẹ̀yìn pẹpẹ rí bí ìgbà tí wọ́n la igbá ńlá sí méjì tí wọ́n wá gbé apá kan nàró. Ògiri rẹ̀ yípo láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì. Òrùlé rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ wá pàdé ògiri, òkúta lórí òkúta, kò sí igi kankan tó gbé e dúró. Àwọn ọmọ ìjọ ń pè é ní Ikùn.

Ikùn ti wà kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Àwọn kan ti jọ́sìn níbẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n bọ, tàbí èdè tí wọ́n fi pè é. Àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì bá ilé roboto náà lórí ilẹ̀, wọ́n wó iwájú rẹ̀, wọ́n so ilé tuntun mọ́ ọn. Wọn kò gbẹ́ ìdí rẹ̀ wò. Ohun tó bá ti pẹ́ lórí ìdúró, èèyàn a máa rò pé yóò dúró títí.

Ohùn ló mú kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Bí èèyàn díẹ̀ bá kọrin nínú Ikùn, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà yóò rò pé agbo ńlá ni. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lápá kan ògiri, ẹni tó wà lápá kejì á gbọ́ ọ ketekete. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ akọrin ń jókòó sí, títí ọjọ́ tí ògiri fi sán.

Ó sán lápá òsì, láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí òrùlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Kò fẹ̀. Ewé ìwé kan ló lè wọ̀ ọ́. Wọ́n kó akọrin kúrò níbẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Bíríkìlà.

Bíríkìlà ti darúgbó. Orúnkún rẹ̀ kì í gun àkàbà mọ́ àfi tó bá di dandan. Ó wo ògiri náà, ó fi èékánná tọ ojú ibi tó sán, ó gbóòórùn rẹ̀. Àlùfáà dúró tì í. Ọ̀dọ́ ni Àlùfáà, kò tíì pẹ́ tó dé ìjọ náà, ó sì máa ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, ṣé ó máa wó?"

"Mi ò mọ̀."

"Ta ló máa wá mọ̀?"

"Ògiri."

Àlùfáà wò ó bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Ó lè ti sán tipẹ́, kó sì ti sùn," Bíríkìlà ní. "Ó sì lè jẹ́ pé ó ń rìn lọ. Ẹ jẹ́ ká bi í."

Ó gé dígí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ láti ara fèrèsé àtijọ́ kan. Ó gun àkàbà, ó fi simẹ́ńtì tí wọ́n pò nípọn lẹ ọ̀kan dábùú ibi tó sán nísàlẹ̀, ọ̀kan níwọ̀n ìdúró èèyàn, ọ̀kan lókè níbi tí òrùlé ti ń tẹ̀. Orí kan dígí wà lápá ibí, orí kejì lápá ọ̀hún. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà ni bàbá náà ṣe.

"Igi a máa gbà fún ògiri," ó ní nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. "Dígí kì í gbà. Bí ògiri bá fi ìwọ̀n irun orí sún, á fọ́. Tí òjò bá wá tó sì lọ, tí dígí ò fọ́, ẹ kó akọrin yín padà. Tó bá fọ́, ẹ pè mí lọ́jọ́ náà gan-an."

"Ta ni yóò máa wò ó lójoojúmọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn bọ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi," ó ní.

"Dígí ni o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ rọra."

"Ìwọ ọmọdé yìí. Èmi ni mo pọ̀n ọ́ dàgbà, o sì ń ní kí n rọra."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ìdí ọ̀rọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe obìnrin náà ní Afọ́wo. Àwo ìyá wọn, ìkòkò, fìtílà: ohun tó bá lè fọ́, tó bá ti dọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ pé. Ìyá wọn a máa ní, "Ẹ gbé nǹkan kúrò nílẹ̀, Afọ́wo ń bọ̀." Ó ti lọ́kọ, ọkọ ti kú, ó ti di ìyá àgbà, ẹ̀fẹ̀ náà kò darúgbó. Níbi tí wọ́n bá ti ń bu omi fún àlejò nínú ife dígí, ike ni wọ́n máa ń gbé fún un. Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó ń dùn ún.

Òjò dé. Ó rọ̀ púpọ̀ lọ́dún náà. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì mu omi yó títí tí omi fi ń dúró lórí rẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, Bíríkìlà á yà wọlé, á dúró lábẹ́ Ikùn, á gbójú sókè. Dígí wà níbẹ̀, ó pé, ó mọ́, ó ń dán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa gbá ilẹ̀ lọ lápá kejì.

"Ṣé kò sí nǹkan, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kí ló máa wà? Ò ń wò ó."

Á dúpẹ́, á lọ sílé.

Nígbà tí òjò dá, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá a. Òun ni olórí akọrin. Ọmọ tí kì í pariwo ni, ṣùgbọ́n tó bá ti di mọ́ nǹkan, ó sàn kéèyàn bá òkúta jà.

"Bàámi, òjò ti lọ."

"Mo rí i."

"Dígí ò fọ́."

"Mo rí ìyẹn náà."

"Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la máa ṣe àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn máa wá láti ibi gbogbo. Mo ti kọ́ wọn lórin kan, Bàámi, tá a bá kọ ọ́ níta Ikùn, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ lu agolo ni. Nínú Ikùn..." Kò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ parí rẹ̀ fún un.

Bíríkìlà lọ wo dígí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ni Àlùfáà pe àwọn àgbà ìjọ jọ, ó bi í léèrè níwájú wọn.

"Ó ti sùn," Bíríkìlà ní.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn. Ó tó wọn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ a máa wúwo. Wọ́n gbé ìjókòó igi onípele padà sínú Ikùn, akọrin sì padà sáàyè wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú àyájọ́ náà, Bíríkìlà lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìta ni wọ́n sábà máa ń jókòó, lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n oòrùn mú lọ́jọ́ náà, obìnrin náà sì wà lẹ́yìn ilé, ó ń sá aṣọ. Bíríkìlà wọ yàrá lọ fúnra rẹ̀, ó jókòó.

Ara ògiri yàrá náà kún fún fọ́tò. Bàbá wọn wà níbẹ̀ tòun ti aṣọ iṣẹ́. Ìyá wọn wà níbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀, ó dé fìlà tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọmọ tó wà lókè òkun. Bíríkìlà ń wò wọ́n bí ẹni ń kí èèyàn. Nígbà tó dé orí bàbá wọn, ó rí i pé kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀ kan.

Ó dìde. Ó fi ìka kan án. Bébà ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Kò sí dígí.

Ó wo ti ìyá wọn. Kò sí dígí. Ó wo ti ọkọ. Ó wo ti ìgbéyàwó. Férémù wà, fọ́tò wà, eruku sì ti sọ̀ sójú gbogbo wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó ń nu ọwọ́ tútù sára aṣọ.

"Ìgbà wo lo dé? O ò tilẹ̀ pè mí."

"Ẹ̀gbọ́n, dígí ojú fọ́tò Bàbá dà?"

"Èwo?"

"Mo bi yín ni."

"Ó fọ́."

"Ti Ìyá ńkọ́?"

"Ó fọ́ náà. Ṣé o ò mọ Afọ́wo mọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Bíríkìlà wo orí fèrèsé. Irin tí bàbá wọn fi ń gé dígí wà níbẹ̀. Agolo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí simẹ́ńtì ti gan mọ́ inú rẹ̀. Ó rántí pé obìnrin yìí ló ń po simẹ́ńtì fún bàbá wọn nígbà tí òun ṣì ń rákò. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú iṣẹ́ náà.

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n."

Ó jókòó.

"Ẹ sọ fún mi."

Obìnrin náà wo ilẹ̀. "Mo ń gbá ilé aláǹtakùn kúrò lára ògiri. Mo yíjú padà, èyí tó wà láàárín ti fọ́. Mo ní, ó tán, wọ́n á tún sọ ọ́. Àlùfáà á gbọ́, gbogbo ìjọ á gbọ́. Afọ́wo kò lè ṣọ́ dígí lásán. Ni mo bá yọ ti ojú fọ́tò, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

"Ìgbà kejì ńkọ́?"

"Mo rò pé mo fi aṣọ nù ún jù ni."

"Ìgbà kẹta?"

"Mi ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn lọ́jọ́ náà."

"Kí lẹ wá rò?"

"Kí ni kí n rò?" Ohùn rẹ̀ ga. "Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, tí nǹkan bá fọ́ nínú ilé, èmi ni! Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Ṣé tí dígí bá fọ́ níbi tí mo wà, ògiri ni kí n máa wò?"

Bíríkìlà yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo ara ògiri yàrá náà, láti férémù kan dé òmíràn. Èyíkéyìí tó ṣófo nínú wọn, ìgbésẹ̀ kan ni ògiri Ikùn gbé. Ìdáhùn tí òun ń wá lábẹ́ Ikùn ní gbogbo àkókò òjò, ibí ni wọ́n gbé e kọ́ sí.

"Èwo lẹ yọ kẹ́yìn?"

"Ti ọkọ mi."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí. Mo rò pé àwọn tó gbé ìjókòó wọlé ló kọlù ú."

Òjò ti dá tipẹ́. Ilẹ̀ ti gbẹ. Ògiri náà kò dúró de òjò mọ́.

Obìnrin náà rí ojú àbúrò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Wọ́n ń ṣe ìdánrawò lọ́wọ́," ó ní. "Ọmọ ẹ wà níbẹ̀."

Wọ́n jáde. Bíríkìlà kì í yára rìn mọ́, ṣùgbọ́n ó yára lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ níwájú rẹ̀ láìwọ bàtà. Àwọn tó jókòó lẹ́nu ilé wọn kí wọn, wọn kò dáhùn. Kí wọ́n tó dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń gbọ́ orin náà. Òótọ́ ni ọmọ rẹ̀ sọ. Orin náà tóbi ju ẹnu tó ń kọ ọ́ lọ. Ó ń gba ilẹ̀ bọ̀, ó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé.

Bíríkìlà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mí. Kò kígbe. Bí èèyàn bá kígbe nínú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n á sáré lu ara wọn, wọ́n á sì sáré lu ògiri. Ó rìn gba àárín ìjókòó kọjá lọ síwájú. Àlùfáà wà nídìí pẹpẹ, ó dijú, ó ń gbádùn orin. Ọmọ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Akọrin tò sórí ìjókòó onípele títí dé ìdí ògiri. Àwọn tó wà lókè pátápátá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí kan ibi tí òrùlé ti tẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní. "Ẹ jáde."

Orin dá dúró. Ọmọ rẹ̀ yíjú.

"Bàámi? Ẹsẹ kan péré ló kù."

"Ẹ jáde."

Àlùfáà ti dìde. "Bàbá, kí ló dé?"

"Mo ṣì í sọ. Kò sùn."

"Ṣùgbọ́n dígí yín nìyí." Àlùfáà nàka sí i. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa níwájú àwọn àgbà pé ó ti sùn. Kí ló yí padà?"

Bíríkìlà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà dúró lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, eruku ọ̀nà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí ẹ wọlé," Bíríkìlà ní. "Èmi náà ni mo ní kí ẹ jáde."

"Bàbá, ìyẹn kì í ṣe ìdí."

"Ó ti ń gbàgbé nǹkan," ẹnì kan sọ wúyẹ́wúyẹ́ lápá òkè. Ikùn gbé e fún gbogbo wọn gbọ́. Àwọn kan fi ìwé orin bo ẹnu.

"Bàámi," ọmọ rẹ̀ ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ẹ̀ ń dójú tì mí."

"Mo mọ̀. Ẹ jáde ná."

Kò mira. Bí ìran wọn ti rí nìyẹn. Bíríkìlà mọ ibi tó ti rí i. Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò nídìí òpó. Ó rìn wá síwájú, ó gun àtẹ̀gùn pẹpẹ, ó kọjú sí wọn.

"Dígí yẹn kì í ṣe tiẹ̀," ó ní. "Tèmi ni. Tiẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Ó fọ́, mo pààrọ̀ ẹ̀. Ó tún fọ́, mo tún pààrọ̀ ẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Dígí ojú fọ́tò ọkọ mi lẹ̀ ń wò lókè yẹn."

Gbogbo wọn gbójú sókè wo dígí. Lẹ́yìn náà ni akọrin kan, ẹni tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lórí òun, ní, "Háà! Afọ́wo tún ti dé!"

Ẹ̀rín bú. Ikùn gba ẹ̀rín náà, ó sọ ọ́ di púpọ̀, ó dà á padà lé wọn lórí. Obìnrin náà dúró síbẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò fi wọ́n sí.

Kẹ́.

Ohun kékeré ni. Níta, ẹnikẹ́ni kì bá gbọ́ ọ. Ikùn gbé e lọ sí etí gbogbo wọn. Dígí òkè ló fọ́ láàárín, ààbọ̀ rẹ̀ bọ́, ó já sórí ìjókòó láàárín èèyàn méjì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

"Èmi kọ́ o," obìnrin náà ní.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá gbọ́ òmíràn. Nínú ògiri, lẹ́yìn òkúta, nǹkan kan ń dà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń da ìrẹsì láti inú àpò sínú àpò. Ó ń lọ, kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ má sáré," Bíríkìlà ní. "Ẹ má kọrin. Ẹ má gbé nǹkan kan. Ẹ tò jáde bí ẹ ṣe máa ń tò wọlé, kí àwọn tó wà lókè kọ́kọ́ sọ̀."

Wọ́n tò. Igi ìjókòó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ojú wọn sì ń yọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Àlùfáà dúró lẹ́nu pẹpẹ, ó ń di ọwọ́ àwọn àgbà nínú wọn mú sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ Bíríkìlà kò kúrò láàyè rẹ̀.

"Ó yá," bàbá rẹ̀ ní.

"Wọn ò tíì jáde tán."

Kò bá a jiyàn. Ó dúró tì í. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ ohun tó ń dà nínú ògiri. Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn kọjá, ó di ọmọ rẹ̀ mú ní ọrùn ọwọ́, wọ́n rìn jáde, wọn kò bojú wẹ̀yìn.

Níta, oòrùn ń ràn. Ẹyẹlé wà lórí òrùlé. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó pẹ́. Ẹnì kan rántí àpò rẹ̀. Ẹnì kan rántí bàtà tó bọ́ sídìí ìjókòó. Àlùfáà rántí ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, bẹ́ẹ̀ wọn yóò lò ó lọ́jọ́ kejì.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa wọlé."

"Rárá."

"Mi ò ní pẹ́."

Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà ló dá a lóhùn. Ó lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dí i. "Àlùfáà, ẹ gba orí mi kọjá," ó ní. "Ìyá yín mà ni mí."

Kò sẹ́ni tó gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí oòrùn wọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, Àlùfáà sì fi kọ́kọ́rọ́ lé Bíríkìlà lọ́wọ́. Ọmọ Bíríkìlà ti lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìta ni wọ́n ti jọ́sìn. Wọ́n to àga sórí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gígùn ti ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí òjìji wà. Àwọn èèyàn wá láti ibi gbogbo, gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ti sọ. Wọ́n ń béèrè ohun tó gbé wọn síta, wọ́n sì ń gbọ́ ọ. Bíríkìlà jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ń yíjú wò ó.

"Ẹ ǹlẹ́, Bàbá," ọkùnrin kan tó wá láti òkèèrè sọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ikùn yín yìí, oṣù wo ló máa bí?"

Àwọn tó yí i ká rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà wo òrùlé.

"Àbí ó ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára?" ọkùnrin náà tún ní.

Akọrin dìde. Orin tí wọ́n kọ́ nínú Ikùn ni wọ́n kọ. Afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Ó kéré, ó fẹ́lẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn na ọrùn kí wọ́n tó gbọ́. Bíríkìlà rí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, bó ṣe ń gbé ọwọ́ sókè, tó ń fẹ́ fi ọwọ́ fa ohùn ńlá náà jáde láti ibi tí kò sí. Orin tán. Ọmọ náà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ láìwò ó.

Àlùfáà ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù nígbà tí ẹyẹlé fò kúrò lórí òrùlé, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bíríkìlà dìde.

Ohun àkọ́kọ́ dún bí ẹni gbé ẹrù wúwo kalẹ̀ nínú yàrá kejì. Àwọn èèyàn wo ara wọn. Èkejì wá láti inú ilẹ̀. Àga mì lábẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ wá, ó gùn, kò yára, òkúta ń lu òkúta, igi ń ya láàárín wọn. Eruku rú jáde láti inú fèrèsé àti abẹ́ ilẹ̀kùn, ó bo aṣọ funfun akọrin. Ọmọ ọwọ́ kan ké. Ìyá rẹ̀ kò rí ẹnu tù ú.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀ díẹ̀, Bíríkìlà ṣí ilẹ̀kùn. Kò wọlé. Láti ẹnu ọ̀nà, ó rí ojú ọ̀run níbi tí ẹ̀yìn pẹpẹ wà tẹ́lẹ̀. Kò sí Ikùn. Kò sí ìjókòó onípele. Òkìtì òkúta ló wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń ràn lé e lórí, níbi tí oòrùn kò dé rí.

Ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni. Ó wo òkìtì náà pẹ́.

"Ibi tí mo máa ń dúró sí dà, Bàámi?"

Ó fi ìka hàn án. Ọmọ náà wò ó. Ó di apá bàbá rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn wọn, ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ẹnì kan ké Halelúyà, àwọn yòókù gbà á. Wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Ọkùnrin tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó ń sunkún. Wọ́n ti ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà sáàárín, wọ́n ń jó yí i ká, wọ́n ń fi ẹ̀yìn gbá ara ògiri gígùn náà nínú ayọ̀.

Bíríkìlà wo ògiri náà. Ikùn ló fi ẹ̀yìn tì láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó wo òkè rẹ̀. Láàárín ògiri àti òrùlé, ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀.

"Ẹ sún sẹ́yìn," ó ní.

Wọ́n ń kọrin. Wọn kò gbọ́.

Ó pariwo. Ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ẹ kúrò lára ògiri!"

Orin já lẹ́nu wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n wo ògiri. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò bi í nídìí. Wọ́n sún sẹ́yìn, dé ìdajì ọgbà.

"Ẹ tún sún," ó ní.